Ẹ Kọ Iye Rẹ̀ Sára Ògiri

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí kò ní dùn mọ́ gbogbo wa nínú, pàápàá àwa tí à ń pè ní bàbálórìṣà àti ìyálórìṣà ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ohun tí mo ń wí ni pé kí gbogbo ilé tó bá ń ṣe òrìṣà fún ènìyàn kọ iye owó rẹ̀ sórí ìwé, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri níbi tí ẹni tó bá wọlé yóò ti rí i. Lábẹ́ rẹ̀, kí wọ́n kọ àwọn ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ lè kọ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bínú sí i. Ibi tí mo ti rí i tí wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ilé òrìṣà. Yàrá gbígbóná kan ni, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń ṣe yógà, ní ìlú Philadelphia, nínú oṣù kìíní, nígbà tí yìnyín bo ilẹ̀.

Mo ti ń gbọ́ ẹ̀rín àwọn kan. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá àwọn tí inú ń bí lóhùn. Wọ́n ní ẹ̀sìn àwọn ará Íńdíà ni yógà, pé ọmọ Ọbàtálá bíi tèmi kò gbọdọ̀ gbé orí rẹ̀ lọ síwájú òrìṣà ẹlòmíràn. Òótọ́ ni pé yógà ní gbòǹgbò nínú ẹ̀sìn, mi ò sì fara mọ́ àwọn tó ń já a gbà lọ́wọ́ àwọn tó ni ín, tí wọ́n ń sọ pé eré ìdárayá lásán ni. Àwa tí àwọn ènìyàn ń fi ìlẹ̀kẹ̀ wa ṣe ọ̀ṣọ́ ọrùn mọ bí ìyẹn ṣe ń dunni. Ṣùgbọ́n nínú yàrá tí mo wọ̀, kò sí ère, kò sí ẹbọ, ẹnikẹ́ni kò sì ní kí n forí balẹ̀ fún ohunkóhun. Àwọn mìíràn ní ọmọ Ọbàtálá kò gbọdọ̀ wọ inú ooru, torí pé ohun tútù ni Ọbàtálá fẹ́. Àwọn kan náà ni mo máa ń rí ní Miami nínú oṣù kẹjọ.

Ọmọ òrìṣà mi kan ló mú mi lọ. Nọ́ọ̀sì ni. Ó ti rí i pé ẹ̀yìn ń dùn mí, pé orúnkún mi kì í fẹ́ jẹ́ kí n dìde mọ́ bí mo bá ti dọ̀bálẹ̀. Ẹni ọdún 56 ni mí. Ó ní, "Bàbá, ẹ tẹ̀lé mi lọ lẹ́ẹ̀kan péré." Mo bi dókítà mi, ó ní kò burú, mo bá tẹ̀lé e.

Òkè ilé ìfọṣọ kan ni ibẹ̀ wà, àwọn ará àdúgbò ló sì ń dá a ṣe. Ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni ìwé kan lára ògiri. Iye mẹ́ta ló wà lórí rẹ̀: dọ́là 5, dọ́là 12, dọ́là 20. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí oníkálukú san èyí tí agbára rẹ̀ bá ká, pé ẹnikẹ́ni kò ní bi í léèrè ìdí. Ẹni tí kò bá ní rárá lè bá wọn nu ilẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀kọ́. Wọ́n tún kọ iye tí wọ́n ń san fún onílé lóṣù, iye tí iná ń gbà (ooru yẹn kì í ṣe ọ̀fẹ́ nígbà òtútù), àti iye tí olùkọ́ ń gbà lórí ẹ̀kọ́ kan. Mo dúró, mo kà á tán. Mo ti wọ ilé òrìṣà ní New York, ní Miami, ní Havana, ní Salvador. Mi ò rí irú rẹ̀ rí.

Olùkọ́ náà, ọmọbìnrin kan tí mo lè bí, bi mí pé ṣé ìgbà àkọ́kọ́ mi nìyí, níbo ló ń dùn mí, oògùn wo ni mò ń lò. Lẹ́yìn náà ó fún mi ní káàdì kékeré kan. Bí mo bá gbà kí ó fọwọ́ kàn mí láti tún ara mi tò, kí n gbé káàdì náà síwájú ẹní mi. Bí n kò bá gbà, kí n dojú rẹ̀ délẹ̀. Ó ní mo lè yí i padà nígbàkigbà. Ó ní iṣẹ́ kan ṣoṣo tí mo ní lọ́jọ́ náà ni kí n wà nínú yàrá. Bí òòyì bá ń kọ́ mi, kí n jókòó. Bí mo bá fẹ́ jáde, kò sẹ́ni tó ti ilẹ̀kùn.

Mo bọ́ ìlẹ̀kẹ̀ mi, mo fi aṣọ funfun wé e, mo fi í sínú àpò, mo wọlé. Ooru náà tó ìwọ̀n 40 lórí ìwọ̀n Celsius. Ọ̀nà 26 ni wọ́n ń gbà fi ara dúró tàbí kí wọ́n fi dùbúlẹ̀, wọ́n sì ń fi mímí ṣe ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n ń fi mímí ṣe ìparí. Gbogbo rẹ̀ gba ìṣẹ́jú 90. Dígí ńlá wà níwájú wa. Òógùn ti bò mí kí a tó ṣe ẹ̀kẹta. Mo jókòó lẹ́ẹ̀mejì, kò sẹ́ni tó wò mí. Ìyá àgbà kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń ṣe èyí tó lè ṣe, ó ń fi èyí tí kò lè ṣe sílẹ̀, kò sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ní ìparí, a dùbúlẹ̀ bí òkú. Orúkọ tí àwọn ará Íńdíà pè é gan-an nìyẹn. Àwa tí a ti wọ igbódù mọ nǹkan díẹ̀ nípa kí ènìyàn kú kí ó tó jí. Mi ò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

(Ẹ̀yin ìyàwó òrìṣà tí ẹ kò tí ì pé ọdún, èyí kì í ṣe tiyín. Ẹ kì í wo dígí ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹ kì í sì í jẹ́ kí àjèjì fọwọ́ kàn yín. Ẹ dúró dìgbà tí ẹ bá bọ́ aṣọ funfun. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò lágbára, àti aboyún, ẹ bi dókítà kí ẹ tó lọ.)

Ẹ wá jẹ́ kí n sọ ibi tí ooru yìí ti wá, torí pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tiwa wà.

Ẹni tó gbé e wá sí Amẹ́ríkà ni Bikram Choudhury, ọmọ ìlú Kolkata, tí wọ́n bí ní 1944. Ó kọ́ yógà lọ́dọ̀ Bishnu Ghosh, ọ̀gá kan tó lórúkọ ní ìlú náà. Nígbà tó dé California ní nǹkan bí 1970 sí i, ó ṣa àwọn 26 yẹn jọ, ó tò wọ́n tẹ̀ léra, ó mú yàrá gbóná, ó sì fi orúkọ ara rẹ̀ pè é. Kò sí èyí tó dá sílẹ̀ nínú àwọn 26 náà. Wọ́n ti wà ní Íńdíà kí wọ́n tó bí i. Ṣùgbọ́n ó ní òun ló ni títò náà. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ènìyàn ní i gbọ́dọ̀ wá sọ́dọ̀ rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án, kí ó san ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là, kí ó gba àṣẹ. Ẹni tó bá kọ́ni láìgba àṣẹ, agbẹjọ́rò rẹ̀ yóò kọ̀wé sí i.

Ní 2011 ó pe ilé-iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Evolation Yoga lẹ́jọ́. Àwọn tó dá a sílẹ̀ ti kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ rí. Ẹjọ́ náà dé ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti ìjọba àpapọ̀ ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, wọ́n sì dá a ní oṣù kẹwàá 2015. Wọ́n ní ẹni tó bá kọ ìwé ló ni ọ̀rọ̀ inú ìwé náà, ṣùgbọ́n kò ni ọ̀nà ìlera tí ìwé náà ń ṣàlàyé. Ìwé rẹ̀ jẹ́ tirẹ̀. Títẹ ara àti mímí kì í ṣe tirẹ̀. Ìjọba Íńdíà náà kò fọwọ́ lẹ́rán: láti 2001 ni wọ́n ti ń kó ìmọ̀ àbáláyé wọn jọ sórí kọ̀ǹpútà, wọ́n sì kó yógà sí i, kí ẹnikẹ́ni ní òkè òkun má bàa sọ pé òun ló dá a sílẹ̀.

Nítorí ìdájọ́ yẹn ni àwọn ará àdúgbò ní Philadelphia ṣe lè gba dọ́là 5 lọ́wọ́ ènìyàn láìsí ọ̀gá kan ní ibòmíràn tí wọ́n gbọ́dọ̀ fi owó ránṣẹ́ sí.

Ìdajì ìtàn nìyẹn. Ní àwọn ọdún kan náà, àwọn obìnrin tó kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ Choudhury ń pè é lẹ́jọ́ pé ó fipá bá àwọn lò. Ó ní òun kò ṣe é. Ní oṣù kìíní 2016, ìgbìmọ̀ ará ìlú ní ilé ẹjọ́ Los Angeles dá agbẹjọ́rò rẹ̀ tẹ́lẹ̀, Minakshi Jafa-Bodden, láre, obìnrin tó ní wọ́n yọ òun níṣẹ́ nítorí pé òun ń wádìí àwọn ẹ̀sùn náà, wọ́n sì ní kí Choudhury san owó gbà-má-bínú tó ju mílíọ̀nù 6 dọ́là lọ fún un. Kò san án. Ó kúrò ní Amẹ́ríkà, adájọ́ sì fọwọ́ sí ìwé pé kí wọ́n mú un ní 2017.

Àwọn kan máa ń sọ pé ọ̀rọ̀ owó lọ́tọ̀, ọ̀rọ̀ ìwà lọ́tọ̀. Mi ò gbà. Nígbà tí ẹnìkan bá sọ ara rẹ̀ di ilẹ̀kùn kan ṣoṣo tí ènìyàn lè gbà wọlé, ta ni yóò lè kọ ohunkóhun fún un? Owó rẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀, àṣẹ tí o fẹ́ fi jẹun wà lọ́wọ́ rẹ̀, orúkọ rẹ láàárín ẹgbẹ́ wà lẹ́nu rẹ̀. Bí ó bá wá kan ilẹ̀kùn yàrá rẹ lóru, ìwọ àti ta ni?

Ẹ wo ilé tiwa wàyí. Orí àwọn tí kò ní nǹkankan, tí ara wọn pàápàá kì í ṣe tiwọn lójú òfin, ni òrìṣà gbé dé Matanzas àti Bahia. Kò sí ẹni tó ra á nínú wọn. Ní 1993, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà dá ilé Lukumí kan ní Hialeah, ní Florida, láre, pé ìlú kò lè ṣe òfin tó dójú kọ ẹbọ wa nìkan. Ní 2005, UNESCO kéde Ifá pé ohun iyebíye gbogbo ayé ni. Lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹnìkan yóò jókòó nínú ilé rẹ̀ ní Brooklyn, yóò sọ fún ọmọ òrìṣà pé bí o bá jáde kúrò lọ́dọ̀ mi, ìkòkò òrìṣà rẹ dúró síbí, ìwé ìtá rẹ dúró síbí. Ìtá tí wọ́n dá sórí orí ẹlòmíràn! Ilé ẹjọ́ gba ẹ̀tọ́ wa fún wa lọ́wọ́ ìlú. Kò lè gbà á lọ́wọ́ àwa fúnra wa.

Mo mọ arábìnrin kan, olùkọ́ ilé-ìwé, tí ilé kan sọ iye kan fún pé kí ó fi ṣe òrìṣà. Ó yá owó ní báńkì. Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan, iye náà di ìlọ́po méjì. Wọ́n ní òrìṣà ló béèrè. Ó ní kí wọ́n jọ̀wọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ fún òun, ohun tí wọ́n fẹ́ fi owó náà rà. Wọ́n ní àìgbọràn ni, pé orí rẹ̀ ń gbóná. Ó ti sọ fún ìdílé rẹ̀, ó ti gba ìsinmi níbi iṣẹ́, ó ti san ìdajì. Ó san èyí tó kù. Ọdún kẹrin rèé, ó ṣì ń san gbèsè náà, kò sì wọ ilé òrìṣà kankan mọ́. Àwọn òrìṣà rẹ̀ wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, aṣọ bò wọ́n, kò sẹ́ni tó kọ́ ọ bí a ṣe ń bọ wọ́n. Bí a bá ń wá ẹni tó ṣẹ òrìṣà, ẹ má wo ọ̀dọ̀ arábìnrin yìí.

Mo mọ ohun tí wọn yóò fi dá mi lóhùn. Wọn yóò ní awo ni, a kì í sọ awo ní gbangba. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú igbódù ni awo. Iye tí wọ́n ń ta àgbò kì í ṣe awo. Ẹni tó ń tà á ní oko rẹ̀ kò bá wa mulẹ̀.

Wọn yóò ní ọmọ Yorùbá gidi kì í kọ owó lé òrìṣà lórí. Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ fetí sí dáadáa, torí pé wọ́n máa ń fi í dẹ́rù bà yín. Báwo ni a ṣe ń yan ẹbọ? Babaláwo á sọ ẹyẹlé mélòó, àkùkọ mélòó, owó mélòó. Á dá iye rẹ̀ lé e kí ẹni náà tó na ọwọ́. Ìṣe àwọn bàbá wa ni pé kí a ka nǹkan, kí a dárúkọ iye rẹ̀, kí ẹni tó wá mọ ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni náà sì lè lọ láìrú u. Ìtàn Ifá kún fún àwọn tí wọ́n ní kí ó rúbọ tí kò rú. A ń gbọ́ ohun tó bá wọn lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n èmi kò tí ì gbọ́ ìtàn tí babaláwo ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ọ̀kan nínú wọn. Ìkọ̀kọ̀ tí a ń fi owó sí yìí, ọjà ilẹ̀ àjèjì ni a ti kọ́ ọ.

Wọn yóò ní àwọn àgbà gbọ́dọ̀ jẹun. Bẹ́ẹ̀ ni! Orí-àtẹ tó ti lo 40 ọdún lẹ́nu iṣẹ́, tí kì í sùn fún ọjọ́ mélòó kan nígbà tí a bá ń ṣe òrìṣà, owó tí à ń fún un kéré sí iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tó ń ṣa ewé, ẹni tó ń se oúnjẹ, ẹni tó ń tú ẹran, gbogbo wọn ló yẹ kí wọ́n gba derecho, bí àwọn ará Kúbà ṣe ń pè é. Nítorí àwọn gan-an ni mo ṣe ní kí a kọ ọ́. Nígbà tí a kò bá kọ ọ́, olórí ilé nìkan ló mọ iye tó wọlé, ìyá tó ń se oúnjẹ láti òwúrọ̀ á sì gba owó tí kò tó owó ọkọ̀ rẹ̀. Mo ti rí i lójú mi.

Àwọn mìíràn á ní àwọn kì í dárúkọ iye kankan, pé kí oníkálukú mú ohun tí ọwọ́ rẹ̀ bá ká wá, pé ìyẹn ni ìwà mímọ́. Ẹ rọra. Ní 2006, wọ́n dá Yoga to the People sílẹ̀ ní New York, ẹnikẹ́ni lè wọlé, kí ó ju ohun tó bá ní sínú àpótí. Choudhury pè wọ́n lẹ́jọ́ nítorí pé wọ́n ń ṣe ọ̀nà 26 rẹ̀, inú ọ̀pọ̀ ènìyàn sì dùn sí wọn pé tálákà rí ibi wọ̀. Ní 2020, ilé náà tì, lẹ́yìn tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ti jáde wá sọ bí wọ́n ṣe fìyà jẹ wọ́n níbẹ̀. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ fi ẹ̀sùn owó orí kan olùdásílẹ̀ rẹ̀, Gregory Gumucio, àti ẹni méjì mìíràn. Àpótí wà ní gbangba, ìwé ìṣirò rẹ̀ kò sí ní gbangba. Nítorí náà, kì í ṣe kí owó kéré ni mò ń sọ. Ilé kan lè gba owó ńlá kí ó sì jẹ́ olóòótọ́. Ohun tó wọlé àti ohun tó jáde ni mo fẹ́ kí a lè kà.

Ó ku ọ̀rọ̀ káàdì. Iṣẹ́ òrìṣà kò lè ṣe láìfọwọ́ kan ènìyàn: à ń wẹ orí, à ń fá orí, à ń kun ún. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ẹni tó fẹ́ wọlé mọ ṣáájú ta ni yóò wà níbẹ̀, pé obìnrin ni yóò wẹ obìnrin, pé ojùgbọnà rẹ̀ kò ní fi í sílẹ̀ nígbà kankan, pé bí ó bá ní kí a dúró, a ó dúró. Kò sí àṣírí kankan tó tú nínú èyí. Bàbálórìṣà tó bá ní kí ọmọbìnrin wá wẹ̀ lóru nílé òun, òun nìkan, láìsí ojùgbọnà, kì í ṣe iṣẹ́ òrìṣà ló ń ṣe, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọjọ́ orí rẹ̀ nínú òrìṣà pa yín lẹ́nu mọ́. Ẹ dìde, ẹ gbé bàtà yín, ẹ máa lọ. Bí ẹ bá fẹ́ kí ẹlòmíràn bá yín lọ gba ìkòkò yín, ẹ wá bá mi.

Ní ilé tiwa, a ti máa ń ka iye náà sétí ènìyàn láti ìgbà pípẹ́. Láti oṣù kẹta, ó ti wà lára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ilé ìdáná, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, Sípáníìṣì àti Yorùbá: ẹran, ewé, aṣọ, oúnjẹ, owó ọwọ́ oníkálukú. Bàbá àgbà kan tó ti ń ṣe òrìṣà kí n tó mọ ohun tó ń jẹ́ òrìṣà wá kí wa. Ẹ̀rù bà mí díẹ̀ nígbà tí mo rí i tó dúró síwájú ìwé náà. Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó ní iye tí a kọ sí ewúrẹ́ ti pẹ́, kò sí ẹni tó ń tà á bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó ní kí n fún òun ní bírò.